Ìwàásù Tí Ọ̀gágun Ń Fẹ́

Láràárọ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dún nínú ìlú tí wọ́n dó tì, láràárọ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun tó dó tì í máa ń ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Ó ti mọ́ wọn lára láti kékeré ni. Ẹni tó ń yọ́ òjé fún ọta ìbọn á dáwọ́ dúró, ẹni tó ń fá irùngbọ̀n á gbé abẹ sílẹ̀. Tí agogo bá ti dákẹ́, kálukú á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ju bí wọ́n ṣe máa wọ ibi tí agogo wà, kí wọ́n pa àwọn tó ń lù ú.

Tíṣà ni wọ́n ń pe oníwàásù ẹgbẹ́ ogun náà, torí iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe kí ogun tó dé. Ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà láàárín ọ̀sẹ̀, á sì kọ́ wọn ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ikọ́ kan sì wà láyà rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó gbádùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ fún un. Nígbà tí wọ́n ń kó ọmọ ogun jọ, Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Ọ̀gágun nígbà kan rí. "Tíṣà," ló wí, "mi ò lè lọ sójú ogun láìsí yín." Tíṣà gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó búra pé òun ò ní fi í sílẹ̀ títí ogun á fi parí, ì báà dùn, ì báà korò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí agogo ti dákẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ìgbìmọ̀. Ilé àwọn tó ń ṣe awọ, lẹ́bàá odò lẹ́yìn odi, ni Ọ̀gágun fi ṣe ibùdó. Àwọn onílé ti sá wọ ìlú, ṣùgbọ́n òórùn awọ tútù kò bá wọn lọ. Wọ́n ti fi èédú ya àwòrán ìlú náà sórí tábìlì gbọọrọ tí àwọn onílé ti ń fá irun ara awọ. Olórí Ẹlẹ́ṣin wọlé, ó kí Ọ̀gágun bó ṣe máa ń kí i:

"Iná tó jó odi! Ọkọ ìbẹ̀rù! Ẹni tó sùn sórí ìbọn bí ẹni sùn sórí tìmùtìmù!"

Ọ̀gágun ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òjò ti sún mọ́lé," ló wí. "Ìgbẹ́ gbuuru ń pa wá ju ọta lọ. Àwọn amí sì ti dé: ogun tó ń bọ̀ wá gba ìlú yìí sílẹ̀ ti kúrò nílé. Tí a ò bá wọlé lọ́la, a ò ní wọlé mọ́."

Olórí Oníbọn, bàbá kúkúrú kan tí kì í pariwo, fi ìka tí ẹ̀tù ti sọ di dúdú tọ́ka sí àwòrán náà. "Ògiri ẹnu ibodè odò ti sán. Tí mo bá ti ń fi ìbọn àgbá lù ú lẹ́yìn ìwàásù, kí oòrùn tó kàn wá lórí, á ti wó."

"Èmi á dí ọ̀nà òkè," ni Olórí Ẹlẹ́ṣin wí. "Àfi ẹyẹ ló máa gbabẹ̀ kọjá."

"Ó dáa, a ti wọlé." Olórí Oníbọn nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Àwọn tí a bá nínú ilé ńkọ́?"

 Ọ̀gágun ló dáhùn fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń ka iye àpò àgbàdo tó kù. "A ò lóúnjẹ tí a máa fún ẹlẹ́wọ̀n. Tí a bá sì fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn wa, wọ́n á ṣí ibodè fún ogun tó ń bọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ku ẹnì kan."

"Ọ̀gá, ilé àna mi wà níbẹ̀," ni Olórí Oníbọn wí. " Ìdajì àwọn tó ń bá mi ti àgbá ló ní ẹbí níbẹ̀. Wọ́n á wó ògiri fún yín. Èyí tẹ́ ẹ wá sọ yìí, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ wọn á gbé e."

"Ìdí tí mo fi pe Tíṣà nìyẹn," ni Ọ̀gágun wí. Ó yíjú sí i. "Tíṣà, ẹ wàásù fún wọn lọ́la kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wàásù lórí Ọba Sọ́ọ̀lù àti àwọn ará Ámálékì."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà nínú yàrá yẹn. Wòlíì Sámúẹ́lì ló jíṣẹ́ fún Sọ́ọ̀lù pé Ọlọ́run ní kó lọ pa Ámálékì run pátápátá, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tọmọ ọmú, títí kan màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn. Sọ́ọ̀lù dá ọba wọn sí, ó dá àwọn ẹran tó sanra sí, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gágun, ìyẹn le jù," ni Tíṣà wí.

"Ẹ̀yin lẹ là á yé mi. Ẹ ò rántí? Èmi ni mo nawọ́ ní kíláàsì. Mo ní, ṣé Ọlọ́run rere lè ní kí wọ́n pa ọmọ ọmú? Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, ẹni tó fúnni ló lè gbà á. Ẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn yẹn ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ wá ní ní ti àwọn ọmọ ọwọ́, àánú ni. Ó tètè mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n má bàa dàgbà sínú ìwà bàbá wọn."  "Àbúrò mi jòjòló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ ni oorun tó padà sójú mi."

Tíṣà rántí. Ó rántí bí ojú ọmọ náà ṣe rí, ó sì rántí bí inú òun náà ṣe dùn délé pé òun rí ohun tó dáa sọ.

"Ọlọ́run ló rán Sọ́ọ̀lù," ló wí. "Àwa, ta ló rán wa?"

"Báwo ni Sọ́ọ̀lù ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run ni? Kò gbóhùn kankan láti òkè. Wòlíì ló wá bá a sọ ọ́." Ọ̀gágun nawọ́ sí i. "Èmi náà ní wòlíì."

Olórí Ẹlẹ́ṣin yọ idà, ó fi lé àwòrán náà lórí. Olórí Oníbọn pẹ́ díẹ̀ kó tó fi tiẹ̀ lé e. Wọ́n fi ẹ̀mí Ọ̀gágun búra, wọ́n fi ẹ̀mí àwọn ọmọ tí wọ́n bí búra, pé kò sẹ́ni tó máa dá ẹnikẹ́ni sí. Kò sẹ́ni tó bi Tíṣà bóyá ó ti gbà.

Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sínú àká tí wọ́n ń kó èèpo igi ìṣawọ sí. Obìnrin kan ni wọ́n so mọ́ òpó níbẹ̀. Agbẹ̀bí ìlú náà ni, ìyá àgbà, ara rẹ̀ ṣì le dáadáa. Àná ni wọ́n mú un létí odò, torí kànga inú ìlú ti gbẹ, ó sì ti gba ihò kan lẹ́sẹ̀ odi jáde láti wá pọn omi.

"Àlùfáà," ló wí, "ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí n padà. Ìyàwó ọmọ mi wà nílé, oṣù rẹ̀ ti pé, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń fọwọ́ yí i padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá rọbí láìsí mi níbẹ̀, tiwọn ti tán."

"Ìyá, ẹ má padà síbẹ̀."

Ó wo ojú Tíṣà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ti kọ́ ọ láti ka ojú èèyàn. "Ọ̀la ni?"

Tíṣà jókòó sórí èèpo igi. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ohun tí Ọ̀gágun ní kó wàásù, àti ohun tí òun fẹnu ara òun kọ́ ọ nígbà kan. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọmọ tuntun tó báyìí, tẹ́ ẹ bá kan ibẹ̀ yẹn nínú Ìwé, kí lẹ máa ń rò?"

"Mi ò kì í ro nǹkan kan. Mo máa ń ṣí i kọjá ni." Ó rí i pé Tíṣà ń wo òun bí ẹni mímọ́, ó mi orí. "Ẹ má wò mí báyẹn. Inú ìlú lọ́hùn-ún, Sáàmù kan wà tó ń súre fún ẹni tó bá fi ọmọ ọ̀tá lu àpáta. A ti kọ ọ́ títí ohùn wa fi ha. Ọmọ tiyín là ń wí. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi kú lórí odi, èmi gan-an ni mo dá orin náà."

"Ẹ fi gbogbo ọkàn dá a?"

"Mi ò fi ọkàn kọ orin tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ó jọ pé ìyẹn tu Tíṣà lára, ojú sì tì í pé ó tù ú lára. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé ibi tí etí àwọn ará ìgbàanì dé ni wọ́n gbọ́ Ọlọ́run dé, pé ìbínú tiwọn ni wọ́n gbé sí i lẹ́nu. Ó ní Jésù gbé ọmọdé mọ́ra. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́ kí iná sọ̀ kalẹ̀ jó abúlé kan, ó bá wọn wí. Ó ní Jésù ló yẹ kí a máa fi wo gbogbo èyí tó kù.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Agbẹ̀bí wí. "Ẹ dìde lọ́la kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé Sámúẹ́lì ṣì í gbọ́."

"Tó bá ṣì í gbọ́ níbẹ̀, ta ló máa sọ fún mi ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ re? Ìyàwó mi wà nínú ilẹ̀, Ìyá. Inú Ìwé kan náà yẹn ni mo ti kà á pé a máa ríra. Kí n ya ojú ewé kan, kí n wá sùn lé èkejì?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yín le, Àlùfáà. Tèmi ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ wọ́n kí n padà."

Tíṣà padà lọ bá Ọ̀gágun. Ó bá a níbi tó ti ń fi omi tútù nu ojú, ó sì bẹ̀ ẹ́ nítorí obìnrin náà. Ọ̀gágun gbọ́ ọ dé òpin.

"Ẹ wàásù," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ti ṣe Àmín, ìyá yẹn á gba ihò rẹ̀ padà wọlé. Kó ta aṣọ funfun sẹ́nu ọ̀nà. Iye èèyàn tí yàrá rẹ̀ bá gbà, tirẹ̀ ni wọ́n, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn wọ́n. Mo fi ẹ̀mí mi búra fún yín."

"Tí mi ò bá wàásù ńkọ́?"

"Èmi náà mọ̀wé kà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Nígbà tí Tíṣà sọ fún Agbẹ̀bí, ńṣe ló gbá a lọ́wọ́ mú pẹ̀lú okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wàásù ẹ! Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ wàásù, ẹ ò wàásù, wọ́n á ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Yàrá mi tóbi. Tí a bá kó bẹ́ẹ̀dì jáde, tí wọ́n sì dúró, á gba èrò. Àlùfáà, mo bẹ̀ yín."

"Mo ti gbọ́, Ìyá," ni Tíṣà wí. "Màá wàásù ẹ." Tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n tò sínú àgbàlá ilé ìṣawọ, láàárín àwọn kòtò tí wọ́n ti ń rẹ awọ. Àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe fara ti ògiri. Wọ́n ti tú okùn ọwọ́ Agbẹ̀bí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà odò, ó ti ká aṣọ funfun sí abẹ́ apá. Tíṣà gun orí òkúta, ó ka ibi tí wọ́n ní kó kà. Ohùn rẹ̀ dún ketekete. Ó ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ máa ń kún. Ó wá kan ibi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́, ó ya ẹnu, ẹnu náà sì wà ní yíyà bẹ́ẹ̀. Ó wo Agbẹ̀bí. Ó wo aṣọ abẹ́ apá rẹ̀. Ó mọ ohun tó kàn láti sọ, gbólóhùn kan péré ni, ó ti sọ ọ́ rí. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ikọ́ ló jáde.

"Mo ti kọ́ àwọn kan nínú yín pé àánú ni," ló wá wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀ bóyá ẹnu Ọlọ́run ni ohun tí mo kà yìí ti wá, àbí ẹnu èèyàn. Mi ò lè là á yé yín, kò yé èmi alára. Ṣùgbọ́n Ẹni tí mo ń sìn gbé ọmọdé mọ́ra. Tó bá jẹ́ òun náà ló ní kí n pa á, kó wá bá mi sọ ọ́ lójúkojú, màá sì kọ̀ fún un."

Àwọn kan ṣe Àmín. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti àgbá bú sẹ́kún, ó fi fìlà bojú. Agbẹ̀bí ti di ojú rẹ̀.

Ọ̀gágun ò bínú. Ó fa Tíṣà lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta bí ẹni tó ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gun ibẹ̀ dípò rẹ̀. Kò ṣe àlàyé kankan. "Sọ́ọ̀lù dá ẹ̀mí sí," ló wí, "Ọlọ́run sì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kó gba ogun yìí lọ́wọ́ wa?" Wọ́n ní rárá. "Ẹ ṣe Àmín." Wọ́n ṣe é. Nínú àwọn tó ṣe Àmín ti Tíṣà, kò sẹ́ni tí kò ṣe èyí náà.

Wọ́n dá Agbẹ̀bí padà sínú àká. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àlùfáà. Ọkàn tiyín ti mọ́."

Ogun náà ò pẹ́. Ògiri wó bí Olórí Oníbọn ṣe sọ, wọ́n sì wọlé. Ẹni tó sunkún níbi ìwàásù jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Olórí Oníbọn tí ó búra tìkọ̀tìkọ̀ sáré lọ sílé àna rẹ̀, ó sì bá a pé àwọn kan ti débẹ̀ ṣáájú òun. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin, tó pariwo jù lọ nígbà tí olórí wọn mú wọn búra, pọn bàbá arúgbó kan jáde. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní òun ò mọ̀. Ẹlòmíì gba bàbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á. Tíṣà jókòó lẹ́nu ibodè, ó ń wo àwọn tó ń wọlé àtàwọn tó ń jáde, kò sì rí ẹnì kan tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ òun tàbí ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun ló darí ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ṣọ́ àká ti lọ kó ìkógun tirẹ̀ nínú ìlú, Agbẹ̀bí sì jáde láìsí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ó lọ sílé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jálẹ̀kùn níbẹ̀, ilé náà wà ní kọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ ogun ò rí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti bá òkú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ọmọ náà ò jáde.

Kò sọ fún Tíṣà títí di ọ̀sán, nígbà tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí Tíṣà ń gbẹ́ ilẹ̀, tí òun ń wẹ òkú tó sì ń dì wọ́n. Gbólóhùn méjì ló fi sọ ọ́. Tíṣà gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, obìnrin náà ní kó má kúnlẹ̀, kó máa gbẹ́lẹ̀, torí ooru ń mú. Ó tún gbé ṣọ́bìrì. Láti àná ló ti ń gbàdúrà, kò sì gbọ́ ohun tó jọ èsì, àfi ariwo ṣọ́bìrì lára òkúta.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gágun dé. Kò sẹ́ni tó ń kì í níwájú, òun nìkan ló dá wá, ojú rẹ̀ sì ti wọlé sínú bí ojú aláìsàn.

"Tíṣà," ló wí. "Ẹ tún un sọ fún mi."

"Kí ni?"

"Èyí tẹ́ ẹ sọ ní kíláàsì. Pé àánú ni. Pé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló mú wọn lọ. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ nígbà yẹn gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Mi ò gbà á gbọ́ mọ́."

"Kí lẹ wá gbà gbọ́?"

Tíṣà fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo rò pé inú bí Ọlọ́run sí wa. Tàbí kó jẹ́ pé kò síbẹ̀ lánàá. Mi ò mọ̀."

"Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn." Ohùn Ọ̀gágun ti ń já. "Ẹ ti fún mi ní ìdáhùn rí! Mo wọ inú ilé kan lánàá, Tíṣà, èmi fúnra mi. Ẹ bá mi wá nǹkan sọ."

Agbẹ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ wé òkú ọmọ ọwọ́ kan tán ni. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ náà, nígbà tí wọ́n ti dó ti ìlú. Ó nà án sí Tíṣà kó gbé e sínú ilẹ̀. Tíṣà gbà á, ó yípo, ó sì gbé e lé Ọ̀gágun lọ́wọ́.

"Gbé e," ló wí. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láìpè é ní ẹ̀yin. "Òun ni kó o bi léèrè."

Ọ̀gágun gbé ọmọ náà jìnnà sí ara bí ẹni gbé ìbọn, orí rẹ̀ sì rọ̀ sẹ́yìn. Agbẹ̀bí wo ìyẹn. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́:

"Ẹ fọwọ́ ti orí rẹ̀. Ọrùn ọmọ tuntun ò tíì..."

Ó rántí pé òkú ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gágun ti fi ọwọ́ sábẹ́ orí náà, ó fà á mọ́ àyà, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ọwọ́ kúrò.